Oúnjẹ Ọ̀sán Ìyá Kazeem

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Mùtíàt ìyàwó Ràímì lẹ́ran láyà, ó lẹ́ran lápá, ó sì ń jowú ju gbogbo obìnrin àdúgbò Jollof Town lọ. Ẹni tí Mùtíàt ń jowú rẹ̀ kò jìnnà: Bàṣírát ìyálé rẹ̀ ni, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Kazeem. Ọkọ wọn ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Albert. Láti Ìwó ló ti kó àwọn ìyàwó rẹ̀ wá sí Banjul ní ilẹ̀ Gambia, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Bathurst.

Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe owó oúnjẹ ló ń fa owú yìí. Nǹkan oṣù ni. Ọmọ kan ṣoṣo, Simbiat, ni Mùtíàt bí, ó sì ń wá èkejì lójú méjèèjì. Kò tíì pé ogójì ọdún tí nǹkan oṣù rẹ̀ fi dáwọ́ dúró. Ìyá Kazeem ti bí márùn-ún ní tirẹ̀, ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ nígbà ààwẹ̀ ọdún 1975 yẹn, ṣe ni yóò gbé abọ́ benachin jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan, ìrẹsì òun ẹja tó ń ta sánsán, yóò ní, "Mi ò kírun lónìí o!" kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ta ni kò mọ̀ pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbààwẹ̀? Yóò wá gbé oúnjẹ rẹ̀ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ. Mùtíàt tó kéré sí i lọ́jọ́ orí á jókòó pẹ̀lú ètè gbígbẹ, á máa gbọ́ òórùn ẹja.

Èyí tó burú jù ni pé Ràímì ń yìn ín. "Mùtíàt, ìwọ ni Ọlọ́run fẹ́ràn jù nínú ilé yìí. Ààwẹ̀ rẹ kì í já." Ọkùnrin yìí mà gọ̀ o! Mùtíàt á ṣe àmín. Bí ìyálé rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, á ní òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá ra ẹja, á yọjú wo irú ẹja tó rà.

Lásìkò yẹn ni Dókítà Rónkẹ́ Fọlọ́runṣọ́, ọmọ Ìbàdàn, ń kiri agboolé láti wádìí ohun tó ń mú kí ọmọ bíbí tètè dáwọ́ dúró lára àwọn obìnrin kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ọjọ́ orí wọn, nítorí náà iye ààwẹ̀ tí wọ́n ń san padà lọ́dọọdún ló ń bi wọ́n. Ìyẹn kò ṣeé gbàgbé. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Mùtíàt, ó fi ránṣẹ́ sílé ní Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, Mùtíàt lọ bá a.

"Ẹyin tí obìnrin fi ń bímọ, pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n bí i," ni dókítà sọ. "Kì í pọ̀ sí i. Ṣe ló ń dín kù. Tàwọn kan a máa pẹ́, tàwọn mìíràn a tètè tán."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ yín fi hàn pé ó ti tán, Ìyá Simbiat. Ẹ má bínú."

"Ó tán kẹ̀? Tí ti ìyálé mi kò tíì tán? Ó ní nǹkan tó ń jẹ!"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Èmi náà kò tíì mọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan ọ̀hún, ẹ bu díẹ̀ wá fún mi, kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Mùtíàt kò rí oorun sùn. Bí oògùn bá wà nínú ìrẹsì yẹn, ọmọ wà níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Ìyá Kazeem tún kígbe pé òun kò kírun, Mùtíàt fi abọ́ kékeré pamọ́ sábẹ́ ìborùn, ó yọ́ tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀ òjò.

Àgbò tí wọ́n ń sìn fún Iléyá ló rí, tó ń jẹ benachin. Ìyá Kazeem lóṣòó tì í, ó ń bù ú fún un. Ètè òun alára ti gbẹ, ó ti bó.

Ó gbójú sókè. "Ìyá Simbiat, dákun, má sọ fún bàbá wọn."

"Ẹ ń gbààwẹ̀?"

"Kí n wá máa purọ́ fún Ọlọ́run ni? Èèyàn nìkan ni mò ń purọ́ fún. Ọdún kẹta rèé tí tèmi ti parí. Bí bàbá wọn bá mọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò kó gbogbo oorun rẹ̀ lọ. Ìwọ tó ń gba ààwẹ̀ pé, mo ṣebí oyún ni. Ọdọọdún ni mò ń wo ikùn rẹ."

Ẹ ó rò pé inú Mùtíàt yóò dùn, pé àṣírí orogún bọ́ sí i lọ́wọ́. Ilẹ̀ ló jókòó sí, nínú ẹrẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Má sunkún mọ́," ni Ìyá Kazeem wí. "Ó ti mọ́ mi lára."

"Kì í ṣe tiyín ni mò ń sun. Dókítà ní tèmi ti tán, mi ò sì gbà á gbọ́. Ìyá Kazeem, ẹ̀yin ni mo gbójú lé."