Obìnrin Tó Gbọ́ Wolof ní Ayọ̀bọ̀

Ọdún méjìlélógún ni Àlàájà Ìdíátù fi ta aṣọ ní ìlú Kaolack, ní ilẹ̀ Senegal. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú síbẹ̀, ó padà wálé, ó wọ ilé tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé, kò tíì rí ẹni bá sọ èdè Wolof.

Ní Sátidé kan, Olútóyìn, tó ní ọ́fíìsì ìrìnàjò ní Ìdímù, kanlẹ̀kùn. Télọ̀ kan ló júwe ilé fún un.

"Ẹ káàsán, mà. Wọ́n ní ẹ gbọ́ Wolof."

"Mo gbọ́ ọ kẹ̀? Mo ṣì máa ń fi lá àlá."

Olútóyìn tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tíṣà mẹ́wàá láti Ìgándò ń lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Dakar. Ilé àwọn ará abúlé ni wọn ó dé sí, àwọn yẹn ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Odindi oṣù kan ló fi wá ògbufọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tiẹ̀ tú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn onílé sí Wolof. Ìwé ní Charity, ọ̀kan nínú àwọn tíṣà, kì í jẹ ẹ̀pà. Ohun tí onítọ̀hún kọ ni pé kí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe é lálejò. Ọmọ onílé kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló pè láti béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́.

"Mi ò mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà o," Àlàájà wí.

"Èmi á kà á, màá sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ̀yin ẹ fi Wolof sọ ọ́ sínú fóònù mi."

Olútóyìn ka gbólóhùn àkọ́kọ́. Àlàájà di ojú, ó rántí ìyá onílé wọn àtijọ́ ní Kaolack tó kọ́ ọ ní ìkíni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde, ṣe ló ń tú yàà bí omi ẹ̀rọ. Wọ́n sì dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà.

"Charity kì í jẹ ẹ̀pà," Olútóyìn kà.

Àlàájà mi orí. "Ìyẹn ò tó. Wọ́n á ní ojú ló ń tì í, wọ́n á rọra bu díẹ̀ sọ́bẹ̀. Ṣé ó lè pa á?"

"Ó lè pa á, mà."

"Ohun tá a máa wí nìyẹn." Ó sún mọ́ fóònù, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ìyá ṣe ń kìlọ̀ fún ìyá: gerte, ẹ̀pà, bó ti wù kó kéré mọ, ikú ni fún ọmọ yìí.

Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Onílé tí Charity máa dé sí ní òun á fọ gbogbo ìkòkò òun kí àlejò tó dé. Ó tún béèrè pé, ta ni ará Kaolack tó ń sọ̀rọ̀ yẹn?

Àwọn tíṣà lọ, wọ́n bọ̀ láyọ̀. Charity jẹ ìrẹsì ẹlẹ́ja yó. Nígbà tí ìrìnàjò mìíràn tún yọjú, Olútóyìn bẹ Àlàájà kó bá wọn lọ.

"Mo ti dàgbà jù, jàre," Àlàájà wí.

Lọ́jọ́ kẹta ó pe Olútóyìn. "Níbo ni wọ́n ti ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ní àdúgbò Command níbí?"