Ilé Tí Bàbá Mi Ní Kí N Gbé Òun Lọ

Ọjọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ. Ó ti lé ní ọdún kan tí ẹsẹ̀ kò ti jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Mọ́lété, n'Ìbàdàn, ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá tó kọjú sí títì. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní, "Tí mo bá kú, ilé ni kí o gbé mi lọ o. Má gbé mi lọ sí itẹ́ òkú." Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀, pé wọn yóò ṣì pẹ́ láyé. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹ̀wà wọn lọ.

Mo mọ ilé tí wọ́n ń sọ, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ilé kan ṣoṣo ni a ní, agboolé ńlá kan ní Bẹyẹrunka. Ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ ni ìyá bàbá mi ti tọ́ mi dàgbà, inú yàrá kan níbẹ̀ ni wọ́n sì sin bàbá bàbá mi sí kí wọ́n tó bí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ ilé ta ni mí, agboolé yẹn ni mò ń dárúkọ láìronú. Ní ilé-ìwé tí mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹnì kan wà tí àwọn babańlá rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú wá. Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí a bá jọ jókòó ni mo máa ń bi í pé ìgbà wo ló ń padà sílé. Yóò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà náà dùn mọ́ ọn ni.

Nígbà tí àìsàn bàbá mi le sí i, mo ní ó yẹ kí n lọ rí Mógàjí, olórí agboolé náà, kí wọ́n bá wa fi àyè sílẹ̀. Mo wọ mọ́tò dé Bẹẹrẹ, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ti pẹ́ tí mo ti débẹ̀ gbẹ̀yìn, ojú sì ń tì mí díẹ̀. Ilé alámọ̀ tí mo mọ̀ ti di ilé búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù dí ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọlé. Ọmọbìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù ni mo bi ní ọ̀nà ilé tí mo ti kọ́ ìrìn. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ṣé àlejò ni yín ni?" Inú bí mi sí i.

Mógàjí gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá náà ni àgbà jù lọ nínú àwọn ọmọ ilé tó kù láyé, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Mógàjí kò tíì dáhùn tí ìyá náà fi kọjú sí mi.

"Ta ni ọmọ yìí? Ki ara rẹ kí n gbọ́."

Inú mi dùn. Lọ́dọ̀ tiwa, oríkì orílẹ̀ ni ẹ̀rí. Ojú lè yí padà, orúkọ lè yí padà, ṣùgbọ́n oríkì ẹni ni a fi ń mọ ibi tí ẹni ti ṣẹ̀. Àràárọ̀ ni ìyá bàbá mi ń kì mí bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn, títí mo fi mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ Fàtíhà. Mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo ki ara mi ní ọmọ Ọlọ́fà, mo ń kì í lọ títí dé ibi ìjàkadì, ohùn mi ń lọ sókè, orí mi ń wú.

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọlọ́fà kẹ̀! Ará Ìkòyí ni àwa níbí o. Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ìyá bàbá mi ni, ìyá."

"Ẹn-ẹn! Ìyàwó ọkùnrin tó wá bá wa mọ ògiri!"

Bí ẹni ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni ìyá náà ṣe sọ ọ́ fún mi. Bàbá bàbá mi kì í ṣe ọmọ ilé náà. Iṣẹ́ ló wá ṣe. Mógàjí ayé ìgbà yẹn ló pè é pé kó wá mọ ògiri, òjò kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí, ni wọ́n bá fún un ní yàrá kan kó máa sùn síbẹ̀. Òjò dá, kò lọ. Ó fẹ́ ọmọ Ọ̀fà kan tó ń tajà l'Ọ́jà'ba, ó bímọ, ó kú, wọ́n sì sin ín sínú yàrá náà. Níbo ló ti wá? Àwọn kan ní Tápà ni, àwọn kan ní Ìgbómìnà ni. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ. Ìyá bàbá mi kò wá mọ oríkì ọkọ wọn tí wọn yóò fi kì mí, ọmọ kò sì ṣeé tọ́ láìkì, ni wọ́n bá fi ti ilé bàbá tiwọn kì mí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ; èmi tí wọ́n ti sọ lórúkọ láti ọjọ́ yìí wá, ilé wo ni wọ́n wò?

Mógàjí rí i pé ojú mi ti yí padà. Wọ́n ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwa náà, ogun ló kó wa débí. Ṣebí ẹ mọ̀ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì." Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn rí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi rí. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi lọ síbi tí yàrá náà wà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni bàbá bàbá mi wà, pé àyè kò sí mọ́ níbikíbi nínú ilé, àbúrò àwọn fúnra wọn tó kú, itẹ́ òkú ni àwọn gbé e lọ.

Kò yé mi. Bí wọ́n bá ní àlejò ni mí, mo lè bínú. Bí wọ́n bá ní ọmọ ilé ni mí ṣùgbọ́n àyè ti tán, mo lè gbà. Èyí tó wà láàrin méjèèjì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́ débi pé ẹni tó ń tajà bi mí pé àwọ̀ wo ni mo fẹ́. Mo ní búlúù. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mi ò nílò wọ mọ́tò padà sí Mọ́lété.

Bí mo ṣe wọlé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe ọmọ ilé yẹn?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Kí n sọ fún ẹ kí o wá máa tẹrí ba láàrin ẹgbẹ́ rẹ? Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà tí o gbéyàwó. Mo tún ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé yín lọ sílé. Ilé wo lẹ wá ń sọ?"

"Ilé rẹ ni."

Ilé mi kẹ̀? Mo háyà ibi tí à ń gbé ni. Onílé kò gbà kí á gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ká má tíì sọ pé ká gbẹ́ ilẹ̀ sin òkú. Mo ṣàlàyé títí, omi sì ti ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi gbọ́ mi parí.

Wọ́n ní, "Yàrá ni wọ́n fún bàbá tèmi náà. Torí pé mo sin ín síbẹ̀ ni mo ṣe ń pè é nílé, tí ìwọ náà fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ibi tí o bá sin mí sí ni àwọn ọmọ rẹ yóò máa pè nílé. Lọ wá a."

Mi ò mọ̀ bóyá ọgbọ́n ló ń sọ̀rọ̀ ni tàbí àìsàn. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tí ẹni tí kò mọ ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbéra yóò ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà Akànràn, níbi tí ìlú ti ń jẹ oko lọ. Wọ́n ti bẹ́ igi kòkó sílẹ̀, wọ́n ti ri òpó ààlà sáàárín ebè ẹ̀gẹ́. Bàbá àgbà kan tó ni ilẹ̀ náà jókòó sórí àga, wọ́n bi mí pé ọmọ ibo ni mí.

Mo ní, "Àlejò ni mí, bàbá."

Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n àwọn kò ta ilẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á tí yóò sì pa á tì. Ta ni yóò máa gbé ibẹ̀?

Mo ní bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ kó wọ̀ ọ́.