Àlòkù Alùpùpù Tó Ń Kú Lójú Èèyàn

Nígbà tí Sáàpù, ètò ìfún-bẹ́líìtì ìjọba, dé, tí àwọn ṣọ́jà wà lórí oyè, ilé-iṣẹ́ tí mo wà ní Oregun kò rí ohun èlò rà wọlé mọ́, ni wọ́n bá dá púpọ̀ nínú wa dúró. Súpáfáísọ̀ ni mí níbẹ̀, nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ike. Mo ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ mi, bí mo bá wúkọ́, wọ́n á dìde. Ohun tí wọ́n fún wa nígbà tí a ń jáde ni mo fi ra àlòkù alùpùpù kan, kí n máa fi gbé èrò. Iṣẹ́ ẹni tí gbogbo ọ̀nà ti dí mọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀kadà láyé ìgbà náà. Mo mọ̀, torí èmi náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ kí ó tó kàn mí.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Òun náà ò bi mí. Ilé kan náà la ń gbé ní Agége, yàrá tiwọn àti tèmi kọjú síra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọṣẹ ni wọ́n ń tà níwájú ilé: ọṣẹ gbọọrọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fi okùn gé wẹ́wẹ́, torí àwọn tó lè ra odindi ti ń dín kù. Ní mọ́sálásí, láàárín àwọn ìyá ẹgbẹ́ wọn, kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu wọn tó “ọmọ mi tó jẹ́ ọ̀gá ní Oregun.” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mò ń ṣọ́. Ìtìjú tèmi, mo lè rù ú. Ṣùgbọ́n kí àwọn ìyá wọ̀nyẹn máa fojú bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyá mi, n kò lè rò ó.

Nítorí náà, ní àràárọ̀ ni mò ń wọ kakí ilé-iṣẹ́ mi àtijọ́. Màá ti alùpùpù náà jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ń sùn, ìyá mi á ní, “Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é, ọkọ mi,” màá ṣe àmín, màá sì tètè gbójú kúrò. N kì í gbé ẹnì kankan ládùúgbò. Ó di Dopemu kí n tó fa akoto dé ìpéǹpéjú kí n sì máa pe èrò.

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú yìí, alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ àrùn kan. Bó bá kúrò nílé, á máa lọ dáadáa. Nígbà tó bá yá, agbára rẹ̀ á máa dín kù. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ kó sáré, kàkà kó sáré, ńṣe ni yóò máa kọ́sẹ̀, tí yóò máa húkọ́, yóò sì kú pátápátá. Èmi àti èrò á bọ́ sílẹ̀.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹni tó mọ ẹ̀rọ ń ṣe. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo ní bóyá wọ́n ti da epo òyìnbó lu bẹntiróòlù ni, torí kò sẹ́ni tí wọn ò ṣe é fún nígbà náà. Mo tú gbogbo epo dà, mo gbóòórùn rẹ̀, mo wá òmíràn rà. Pàbó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Dopemu, ó ṣí táǹkì wò bóyá ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀. Alùpùpù dún bíi tuntun. N kò tíì rìn jìnnà tó tún kú. Mo padà, ó tún ṣí táǹkì wò, ó tún dún. Ó wá di bí ọmọ tí ibà rẹ̀ máa ń lọ kété tó bá ti rí nọ́ọ̀sì.

Mẹkáníìkì ní, “Bọ̀dá, màṣíìnì yìí ò ní problem. Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n gùn.”

Inú bí mi. Èmi tí mo máa ń dúró lẹ́yìn ògiri tí màá mọ ẹ̀rọ tí ohùn rẹ̀ ti yí padà!

Ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fepo para jókòó ti iná, n kì í sì í gbé èrò lọ sí Oregun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí mo gbé lọ sí Àgídìngbì bẹ̀ mí títí pé kí n kúkú gbé òun síwájú díẹ̀ sí i, Oregun náà ni. Mo gbà. Iwájú géètì ilé-iṣẹ́ wa àtijọ́ gan-an, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde, ni alùpùpù náà ti kú.

“Ọ̀gá, I don late jàre,” ni èrò mi wí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

N kò tíì mọ ibi tí n ó yà sí nígbà tí mo gbọ́, “Súpáfáísọ̀! Ẹ̀yin nìyí, sà?” Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni. Kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ì bá fi mí ṣẹ̀sín, ì bá sàn. Ó wo kakí ọrùn mi, tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣì wà láyà rẹ̀, ó wo akoto, ó sì gba ọwọ́ alùpùpù lọ́wọ́ mi. “Ẹ jẹ́ n bá yín tì í, sà. Àbí epo ló tán?” “Sà” yẹn ń gún mi lára. Àwọn yòókù ń kọjá, wọ́n ń kí mi pẹ̀lẹ́, etí mi gbóná, ilẹ̀ ò sì lanu kí n kó wọ inú rẹ̀.

Nítorí kí n lè rí ibi tọ́jú ojú mi sí, mo tẹrí ba sórí táǹkì bí ẹni tó fẹ́ wo epo, mo sì yí ìdérí rẹ̀. Mo gbọ́ “fíììì.” Afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan, ó jí. N kò dúró dágbére fún ọmọ náà.

Lójú ọ̀nà Àgídìngbì ó tún kú. Mo tún yí ìdérí: “fíììì.” Nígbà náà ni ó yé mi. Ẹni tó bá ti lu agolo mílíìkì mọ̀ pé ihò kan kò tó. Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, mílíìkì ò ní jáde. Ihò kékeré kan wà lórí ìdérí táǹkì fún ìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan ti dí i. Mo fi igi ìgbálẹ̀ họ ọ́ jáde: ọṣẹ, aláwọ̀ ewé.

Mo gba ilé lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá mi ń gé ọṣẹ lọ́wọ́.

“Màmi, ta ló fi ọṣẹ dí ìdérí táǹkì mi?”

“Èmi ni.” Wọn ò gbójú sókè. “Òórùn epo ò jẹ́ n sùn. Mo wò ó, mo rí ihò lórí rẹ̀. Ṣebí ọṣẹ làwọn dẹ́rẹ́bà fi ń dí táǹkì tó bá ń jò? Epo ò sì sí níta. Mo ní kó má lọ fẹ́ tán mọ́ ẹ lọ́wọ́, kí o má wá rí nǹkan fi gbé èrò.”

“Èrò wo, Màmi?”

Wọ́n wá wò mí. “Ìyá tí a jọ máa ń tò sí sàfù kan náà ní mọ́sálásí, o gbé e ní Dopemu kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n. Òun mọ̀ ẹ́.”

“Ẹ wá ní kí ni?”

“Mo ní ọmọ mi ni. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá Oregun, láti ìgbà yẹn ni mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Ìwọ lo ṣì ń wọ kakí.”

Ojú tì mí ju ti iwájú géètì lọ.

Wọ́n ní èmi ni n ó gbé àwọn lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo wọ bùbá, mo yọ akoto. Wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n di èjìká mi mú. Táǹkì ń mí, alùpùpù ń lọ geere. Nígbà tí a sún mọ́ mọ́sálásí, mo rí àwọn ìyá náà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn kọjú sí wa. Ọwọ́ mi dẹ̀ fúnra rẹ̀, eré alùpùpù sì dín kù. Ibi kọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀ wọ́n sí.

Ìyá mi gbá mi lẹ́yìn. “Kí ló tún ṣe é? Ṣé ó tún ti kú ni?”

Mo ní kò kú, mo sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà.