Ọjọ́ Tí Màmá Dákú Ní Ọgbà Panápaná

"O kú iṣẹ́ o, ọmọ mi! Ọlọ́run á fún ẹ lágbára!"

Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, ló sọ̀rọ̀ yìí láti èjìká ọmọbìnrin panápaná tó ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, nínú èéfín. Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó dákú ni wọ́n ní kí Màmá ṣe!

Ẹ̀yìn ilé wa ní Abobo, nílùú Abidjan, ni ọgbà kékeré àwọn panápaná yẹn wà, láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n sì máa ń ṣe ìdánrawò. Kí n tó fọnu, mo ti ń gbọ́ fèrè ṣẹ́fù, ọ̀gá wọn. Bàtà á máa dún gbì-gbì, omi á máa tú ṣàà lẹ́nu rọ́bà, èéfín koríko tútù á sì wọ yàrá wa. Ará Ṣakí ni Màmá, aṣọ ni wọ́n ń tà lọ́jà Adjamé Roxy, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ sọ́jà ní Sátidé láìgbé nyamakúji lọ fún àwọn panápaná náà, omi ata ilẹ̀ tó ń ta ni lọ́fun. Èmi ni mo máa ń ru ife tẹ̀lé wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọláńgidi ńlá tí àwọn panápaná máa ń gbé bí ẹni tí iná ká mọ́lé ya, àkísà inú rẹ̀ tú síta. Ọjọ́ ìdánwò ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa tó ń kọ́ṣẹ́ panápaná sì ni. Ará Ìgbòho làwọn òbí rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń fèsì. Ó ti fìdí rẹmi rí. Bí kò bá lè gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, ilé yá nìyẹn, kò ní di panápaná mọ́.

Màmá gbé kẹ́ẹ̀gì nyamakúji sílẹ̀. "Èmi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó gbé mi!"

"Mémé, tu es lourde hein!" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Kí ló wí?" Màmá bi mí.

"Ó ní ẹ wúwo."

"Iṣu Ṣakí ni! Kó gbé mi."

Bí Màmá ṣe dákú nìyẹn, tí wọ́n sì tún kí ẹni tó gbé wọn.

"La vieille, quelqu'un qui est évanoui, il parle?" Ṣẹ́fù ń nu omi ẹ̀rín lójú. Mo túmọ̀ rẹ̀: ṣé ẹni tó dákú a máa sọ̀rọ̀ ni?

"Ọmọ ń làágùn nítorí mi, kí n má kí i?"

Ṣùgbọ́n ṣẹ́fù ní ìyẹn ò kà, kí wọ́n tún un ṣe. Ojú Màmá rọ. "Yéè! Mo ti ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Wọ́n ki etí ìborùn wọn bọ ẹnu, wọ́n gé e jẹ, wọ́n tún gòkè ilé ìdánrawò náà padà lọ dùbúlẹ̀.

Fèrè dún. Ọmọbìnrin náà wọnú èéfín lọ. A gbọ́ ikọ́ rẹ̀, a ò gbọ́ ti Màmá rárá. Nígbà tó yá, bàtà kan yọ lórí àtẹ̀gùn, ìkejì tẹ̀lé e. Ó dé àárín, ó dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀!" Èmi ni mo pariwo. Ó tún gbẹ́sẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ pátápátá, ó rọra tẹ́ Màmá sórí ẹní.

"C'est bon!" Ṣẹ́fù ní ó ti dára. Àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n gbé ọmọbìnrin náà sókè, ẹnì kan da omi rọ́bà sójú ọ̀run, gbogbo wa rin gbindin.

Màmá nìkan ni kò mira. Ṣẹ́fù kúnlẹ̀, ó pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo fa ìborùn náà kúrò lẹ́nu wọn, mo bú sẹ́kún. Màmá bá la ojú kan ṣoṣo.

"Ṣó ti yege," wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "àbí kí n ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ti yege, Màmá!"

Ẹ wo ijó! Wọ́n fa ṣẹ́fù lọ́wọ́, òun náà jó.

Màmá ti kú báyìí, tòótọ́ lèyí. Èmi náà ti dàgbà, iṣẹ́ mi wà ní Riviera, lápá ibòmíràn ní Abidjan. Bí mo bá ṣe nǹkan tó le tó sì yọrí, inú mi kì í dùn dénú àfi tí mo bá dá sọ ọ́ sókè: "Màmá, mo ti yege. Ẹ dìde."