Oògùn Ajá ní Àsùbá àti Màgàríbì

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Mi ò wá ajá lọ, bọ́tìnì ni mo lọ kó. Bọ́tìnì, síìpù àti òwú ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan ní Ìdúmàgbò ni mo sì ti máa ń kó ọjà. Lọ́jọ́ náà, mo yà sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, mo bá ajá kan tí wọ́n so mọ́ irin àtẹ̀gùn. Ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Okùn ti jẹ ẹ́ lọ́rùn wọlé. Abọ́ tó yẹ kí omi wà nínú rẹ̀, eṣinṣin ló wà níbẹ̀.

Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ń pín sùúrù, oorun ni mo ń sùn. Níwájú àwọn oníbàárà ọkùnrin náà ni mo ti kojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ni ajá yìí? Ṣé Ọlọ́run ò ní bi yín ni?"

"Àǹtí, tó bá dùn yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa mú un lọ."

"Ẹ tú u!"

Kíá ló tú u. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀. Ọmọ Èkó wo ló ń yára fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn, àpò bọ́tìnì lórí, ajá lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ mí ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ tà á ni àbí mo fẹ́ sè é. Mo ní àwọn ni màá kọ́kọ́ sè.

Agboolé àwọn Mùsùlùmí ni mo háyà yàrá sí. Ìyá tó dàgbà jù nínú ẹbí náà, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, ló ń pàṣẹ ilé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì ń dé títì. Ó jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ajá, ó wò mí.

"Kí lèyí?"

"Ajá ni, mà."

"Mo rí i pé ajá ni. Ojú mi ò fọ́. Mo ní kí ló ń wá níbí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn ó ní kó máa gbé ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kó má sì wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án láéláé, kí n má tiẹ̀ dábàá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń gbé oúnjẹ lọ fún un, ó wó lulẹ̀ gbì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lu ilẹ̀, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ti jẹ oògùn eku ni. Mo sáré gbé ìgò epo pupa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sí i lẹ́nu.

"Wárápá ni!" ẹnì kan ké.

Kí n tó gbójú sókè, ẹ̀yìnkùlé ti dá páropáro. Gbogbo wa la ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tí ìfófó ẹnu oníwárápá bá kàn, onítọ̀hún ti kó o nìyẹn. Èmi àti ajá nìkan la kù síbẹ̀, àwa méjèèjì pọ́n fòò bí ẹran tí wọ́n ti pa lépo tán tí wọ́n fẹ́ sun.

Dókítà ẹran tí mo gbé e lọ bá gbọ́ ìtàn epo yìí tán, ó yọ́ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti le.

"Mà, epo yẹn lè tètè pa á ju àìsàn ẹ̀ lọ. Wárápá ajá kì í ran èèyàn. Kò ní kúrò lára ẹ̀, àmọ́ a lè kápá ẹ̀. Hóró oògùn kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ó o. Tẹ́ ẹ bá fò ó, ó lè wó kó má dìde mọ́."

Títí ọjọ́ ayé rẹ̀! Èmi tí mi ò lo oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta parí rí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, mo ti gbàgbé ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ilẹ̀ mọ́, ó wó, ó sì gbọ̀n títí mo fi rò pé ó ti tán. Ajá náà ti wọ̀ mí lára nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Mo jókòó ti kànga, mò ń sunkún, ni Àlàájà bá yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí ni dókítà ní kó o máa ṣe?"

Mo sọ fún un.

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Ṣé o kì í gbọ́ ladáànì ni? Tó bá pe Àsùbá, fún un. Tó bá pe Màgàríbì, fún un. Ìwọ Onígbàgbọ́ yìí, o ò kírun, o ò tún ní fún ajá lóògùn?"

Bí mọ́sáláṣí àdúgbò ṣe di aago mi nìyẹn. Tí mo bá sì fẹ́ gbàgbé, Àlàájà á ké láti inú ilé pé, "Onígbàgbọ́! Oògùn!" Mo máa ń fi pọ̀nmọ́ wé hóró náà. Kò pẹ́ tí ajá fi mọ̀ ọ́n. Bí ladáànì bá ti gbóhùn sókè, á dìde, á máa lá ètè. Àlàájà fi ń bú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé ajá pàápàá ń tètè jí jù wọ́n lọ. Ajá náà sanra, irun hù padà lọ́rùn rẹ̀, oṣù márùn-ún kọjá tí kò wó. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ sún mọ́ ẹnu rẹ̀ nínú ilé àfi èmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìdúmọ̀tà, ẹrù aṣọ já lórí aláàárù kan, ó bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Egungun kán. Ilé ìwòsàn ní mi ò ní lọ sílé lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo pe Àlàájà lórí fóònù.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bẹ ẹnì kan kó fún un lóògùn. Ó wà lójú fèrèsé mi."

"Ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù ẹnu ẹ̀. Ìwọ tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ."

Fóònù já. Mo pè é títí, kò gbé e mọ́. Mo sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ló bá tún gún mi lábẹ́rẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá mi sílẹ̀. Nínú ọkọ̀, mo ti ń ro ibi tí màá sin ajá mi sí. Ladáànì ń pe Màgàríbì lọ́wọ́ bí mo ṣe fi ọ̀pá tiro wọlé. Kò sẹ́nì kankan lórí àga Àlàájà. Mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá sẹ́yìnkùlé.

Àlàájà ló jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tó ká apá bùbá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi ọwọ́ òsì la ẹnu ajá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wọ inú ẹnu náà dé ọrùn ọwọ́, ó ń ti oògùn sísàlẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ fún un rárá. Ajá jókòó jẹ́ẹ́, ìrù rẹ̀ ń lu ilẹ̀.

Ó fa ọwọ́ yọ, itọ́ ń kán lára rẹ̀. Abọ́ iyẹ̀pẹ̀ àti bùtà omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti fọ ohun tí itọ́ ajá bá kàn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe: ó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó ń kà á sókè títí ó fi pé méje.

"Mọ́kànlélógún nìyẹn láti àná," ó ní. "Awọ ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ́ bó."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbà. "Àlàájà, ẹ ṣé, mà. Ẹ mà ní ẹ ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó ń nu ọwọ́, kò wò mí.

"Àbúrò mi obìnrin ní wárápá. Tó bá wó, gbogbo wa la máa ń sá. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mo sá. Láàárín èrò ló wó sí lọ́jọ́ tó kú. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i."

Ó bu omi míì, ó ṣe àlùwàlá, ó sì dìde, nítorí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Lásùbá ọ̀la, sùn," ó ní. "Màá fún un."