Ojú Tí Màmá Fi Ń Bá Wa Wí

Ìyá mi, Tàíbátù, kò mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́. Ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Grand Marché, ọjà ńlá ìlú wa, bó ti ń wọn àǹkárá fún oníbàárà kan ni yóò máa wo èyí tó ń bọ̀, tí yóò tún máa ṣọ́ ẹni tó ń fọwọ́ pa aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú náà ló fi tọ́ wa. Tí àlejò bá wá sílé wa ní Kalley, tí mo bá na ọwọ́ sí ẹran àlejò, Màmá kò ní sọ̀rọ̀. Yóò kàn wò mí ni. Ọmọ tó mojú ni mí, n ó yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ohun tó wà níwájú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ tó ti ń bá a fínra ti dé ojú. Dókítà Yunus, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, ya fọ́tò inú ojú rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú ń jò. Ó ní lésà, ìmọ́lẹ̀ tó ń jó ibi tó ń jò kó lè dí, lè dá a dúró. Kò ní dá ìríran tó ti lọ padà, ṣùgbọ́n tí a bá fi falẹ̀, èyí tó kù náà yóò lọ. Láti ọjọ́ náà, oorun kì í kùn mí mọ́. Ẹ̀rù ọjọ́ tí Màmá yóò yíjú sí mi tí kò ní rí mi ló ń bà mí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, mo rìn síwá rìn sẹ́yìn títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ mí pé kí n jókòó. Wọ́n kán oògùn sójú Màmá, ó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Dókítà ti sàmì sórí fọ́tò, ibi tí lésà yóò jó. Ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé ojú. Tí ojú bá ti yẹ̀, á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Kí Màmá ṣáà tẹjú mọ́ iná pupa kékeré kan ni.

"Hajiya, ki duba hasken nan," Dókítà sọ fún un ní Haúsá pé kó wo iná náà.

"To, Alhaji." Màmá ní òun ti gbọ́, ó sì wolẹ̀. Ẹ̀rọ dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, Dókítà tún sọ̀rọ̀, ojú tún lọ sílẹ̀.

"Madame, comme ça, on ne peut pas," ó sọ fún mi. Tó bá ń lọ báyìí, kò ní ṣeé ṣe.

Inú bí mi. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀?"

"Hàdìzà, àgbàlagbà ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn iná yẹn gan-an, o ní kí n ranjú mọ́ ọn? Ìyá mi kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ sunkún. Mo bẹ Dókítà pé kó má sọ nǹkan kan mọ́. Ó wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Mo dúró lẹ́yìn Màmá.

"Màmá, àlejò wà nílé. Èmi ni iná yẹn. Mo ti na ọwọ́ sí ẹran wọn."

Ó tẹjú mọ́ iná náà. Lójú ẹ̀rọ, àwòrán ẹyinjú rẹ̀ dúró gbọn-in. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí lésà fi parí iṣẹ́.

"Ta ló kọ́ ẹ láti máa pa àgbà lẹ́nu mọ́?" ló kọ́kọ́ sọ nínú taksí.

Nígbà tó yá, Dókítà ní jíjò náà ti dúró. Ara mi kò balẹ̀ síbẹ̀. Fọ́tò ni Dókítà ń wò, èmi ìyá mi ni mò ń wò. Lọ́jọ́ tí Alhaji Àbdùlkàdír wá kí wa láti Lamordé, mo gbé oúnjẹ síwájú wọn. Màmá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti di ìyá ọmọ, mo rọra na ọwọ́ sínú àwo, mo mú ẹran kan. Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ṣé kò rí mi ni?

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kúrò lára Alhaji, ó wá bá mi, ó sì dúró sí mi lára.

Mo dá ẹran náà padà. Omi ń bọ́ lójú mi, ayọ̀ kún inú mi, mi ò sì lè gbójú sókè wò ó.