Pósí Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Lazarus Oyèbísí

Lazarus Oyèbísí kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, nínú yàrá Rẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ní Ladi-Lak, ní Bariga. Kì í ṣe àìsàn ló kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀. Ó ń rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ lójú omi lọ síbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń yan ẹja, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ̀ láti ká, ó ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Láti ìgbà náà ni kò ti dìde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín kò bá a. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́tì, ni Lazarus fi ṣiṣẹ́ jẹun nínú ẹgbẹ́ Ìgbì Ọ̀sà títí orúnkún fi lé e kúrò. Ọmọ apẹja láti etíkun Ìlàjẹ ni. Ó máa ń sọ pé àwọ̀n jíjù ló na apá òun. Àwọn mìíràn a máa sọ bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń bínú. Lazarus a gbé e síbẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ti sùn sórí ibùsùn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àtẹ́rígbà kan ní Bariga tí kò tíì gbá a níwájú orí. Bí àwọn obìnrin àdúgbò bá bi í bóyá òjò ń bọ̀ lókè níbẹ̀, a ní ó ti pa òun tán, ó ku tiwọn.

Orúnkún yẹn wá ńkọ́? Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ, ó wú. Dókítà ẹgbẹ́ ní kó sinmi. Àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà dópin, wọ́n sì gba ife. Wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní kó di ẹ̀yìn Iléyá, wọ́n ní kó di ẹ̀yìn Kérésì, wọ́n ní kí ìbò kọjá ná. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà gan bí igi tán, wọ́n kí i pé ó ṣeun, wọ́n sì gbé aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣé bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn?

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n rántí rẹ̀. Wọ́n fi pósí ránṣẹ́, pósí dídán tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́. Adéjìmí, alukoro wọn, ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú náà sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì yọ síta láti ojúgun. Ẹgbẹ́ tó ń wọn Lazarus láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà, tí wọ́n ń fi gíga rẹ̀ polówó ara wọn, kò rí ẹyọ ẹnìkan tó rántí pé ó ga.

Adéjìmí rẹ ohùn sílẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ká ẹsẹ̀ náà díẹ̀. Kò lè mọ̀ ọ́n lára mọ́.”

Rẹ̀mí kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ ni kí wọ́n tẹ́ àbúrò òun gbọọrọ, kó sùn bí ẹni tó ń sinmi.

“Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ ká? Èyí tí ẹ gún lábẹ́rẹ́? Kò ká nígbà tó wà láàyè. Àfi kí ẹ ṣẹ́ ẹ. Ẹ ṣẹ́ ẹ lójú mi, kí wọ́n yà yín ní fọ́tò.”

Ayàwòrán pa kámẹ́rà rẹ̀ dé. Wọ́n gbé pósí wọn lọ, ìsìnkú sì di ọjọ́ kejì.

Àlímì, káfíńtà kan ní Fola Agoro tí kò kan pósí rí láyé rẹ̀, ló mú téèpù wá wọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀dì tí òun kàn fún un nígbà tó gbéyàwó kúrú, Lazarus sì fi bú òun títí. “Bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tún yọ síta lọ́tẹ̀ yìí, á jí bú mi.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni Rẹ̀mí tó sunkún. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Ẹtì nínú igi tí a kò kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ.

Ẹgbẹ́ Ìgbì Ọ̀sà ti gbé àwòrán rẹ̀ jáde báyìí, wọ́n sì kọ “akọni wa” sábẹ́ rẹ̀. Olóyè Bámilóyè, ẹ̀yin ni alága nígbà náà, ẹ̀yin náà ni alága lónìí. Ta ló pàṣẹ abẹ́rẹ́ tí dókítà kọ̀? Ta ló ní kí iṣẹ́ abẹ ṣì dúró, kí ló sì ń dúró dè? Mélòó nínú àwọn tó wọ aṣọ yín báyìí ló ń fi abẹ́rẹ́ sáré? Ẹ jẹ́ kí dókítà tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín yẹ gbogbo wọn wò, kí ẹ sì ka èsì rẹ̀ síta. A kò fẹ́ òdòdó lórí sàréè. Ìdáhùn là ń fẹ́, Olóyè, láti ẹnu yín, lójú gbogbo ayé, kí abẹ́rẹ́ yín tó tún wọ orúnkún ẹlòmíràn.